Yàrá Ìsàlẹ̀ fún Ìgbà Òtútù

Conyers, Georgia,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2020.

Akín, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù Minneapolis kò tíì wọ inú eegun rẹ? Àwa níbí ń dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ Kẹ́mi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lálàáfíà, èmi náà wà, orúnkún òsì nìkan ló ń bá mi ṣàròyé láràárọ̀. Ọlọ́run tó ń tù wá nínú láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ kò ní dá ìtùnú náà dúró. Àmín.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, Kẹ́mi á gbọ́. Ó sọ fún mi ní Sátidé pé o ní kí a sún ìrìn àjò rẹ di ọdún tó ń bọ̀, pé o kò fẹ́ kó àrùn wá bá arúgbó, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Arúgbó ọ̀hún kò gbà. Oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni a jọ ṣàdéhùn pé o máa lò lọ́dọ̀ wa. Àpótí lẹ́tà ilé yìí ní àsíá pupa kan lára, bí a bá ti gbé e sókè, ìjọba fúnra rẹ̀ á wá gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà ẹni. Mo ti gbé e sókè láti àná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé mò ń bọ̀.

Ilẹ̀ yìí mọ iyì àgbà ju bí a ti rò lọ, Akín. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ilé ìtajà ńlá tó wà nítòsí wa máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn arúgbó nìkan, àwọn ọ̀dọ́ á dúró síta títí a ó fi ra tiwa tán. Wọ́n sì lẹ àmì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Mo fi ẹsẹ̀ wọn àárín wọn, mo rí i pé gígùn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni. Ẹnu yà mí. Mo ní ìjọba Amẹ́ríkà ti wọn ibi tí ọmọdé á ti máa kí àgbà sílẹ̀. Mo dúró lórí tèmi, mò ń retí ìkíni. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi kò ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ, kò kí mi, mo sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tó tọ́ ọ.

Kẹ́mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé nítorí àrùn ni, kí èémí ẹnìkan má baà kan ẹlòmíràn. Ì bá yé mi bí kì í bá ṣe ti aládùúgbò wa òdìkejì títì. Ará ibí ni, aláwọ̀ dúdú ni, tírélà ló ń wà ní ìlú Fairburn, òun àti bàbá tó bí i kò dé ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n òrìṣà ló ń sìn, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Ṣàngódáre. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mi, ó dúró lókèèrè, ó ṣí fìlà, ó nà gbalaja sórí koríko, ó ní ẹ káàárọ̀ bàbá. Ìrọ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo jẹ́ ẹ. Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti kékeré, omi bọ́ lójú mi. Àlàfo tó wà láàárín wa kò yàtọ̀ sí ti ilé ìtajà, mo sì pe Kẹ́mi pé kó wá wò ó.

Kẹ́mi tún sọ pé lọ́dọ̀ yín, tó bá di oṣù kìíní, omi adágún á le gbagidi, àwọn ènìyàn á sì wa mọ́tò gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ lásán ni Pétérù fi rìn lórí omi, ó sì rì. O ti lo ọdún mẹ́jọ nírú ibẹ̀, o kò sì sọ fún mi. Wọ́n ní òtútù ti apá gúúsù níbí kò le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Wọ́n tún ní ọ̀gá rẹ ní kí o máa ṣiṣẹ́ níbikíbi tó bá wù ọ́, kí kọ̀ǹpútà ṣáà ti wà lọ́wọ́ rẹ. Àádọ́ta ọdún ni mo fi dáko kọ́kọ́ ní Ìgbájọ, n kò lè gbé igi kan dé ojúde. Ìwọ gbé oko rẹ sínú báàgì kí o máa bọ̀.

Yàrá ìsàlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kẹ́mi fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ kúrò lánàá, mo jókòó lé e lórí títí ó fi lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni o máa dá wà níbẹ̀, oúnjẹ rẹ á máa wà lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà wọn á fi igi tín-ín-rín tọ́ ihò imú rẹ. Wọ́n ti ṣe é fún mi nínú mọ́tò láì sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wá àìsàn lára ẹni tí kò ṣàìsàn, wọn kò rí i, wọ́n sì tún fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti sọ fún mi.

Akín, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yé mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, mo fẹ́ sọ ọ́ lójúkojú nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò sì mọ̀ bóyá ọdún tó ń bọ̀ á bá mi. Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ń sin ìyá rẹ ní Ìgbájọ, tí kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ, ìdí tábìlì Kẹ́mi níbí ni èmi ọkọ olóògbé wà, fóònù fara ti agolo mílíìkì. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tó mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ gba sàréè, ó gba pásítọ̀, ó gba gbogbo akọrin. Ìwọ náà wà ní igun kan lókè lójú fóònù, ò ń sunkún, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo na ọwọ́ láti nu ojú rẹ nù, ni gbogbo yín bá parẹ́. Kí Kẹ́mi tó rí yín padà, wọ́n ti rọ yẹ̀pẹ̀ bò ó tán. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi ni.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àga kan àti ẹ̀wù òtútù tó nípọn. Iwájú fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀ níta ni mo fẹ́ máa jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá náà, kí gíláàsì wà láàárín wa kí inú Kẹ́mi lè dùn.

Ọ̀nà á là fún ọ. Àrùn kò ní mọ orúkọ rẹ. Ìwọ ni o máa sin mí, o kò ní ṣaájú mi. Má ra ohunkóhun bọ̀, ṣáà gbé ojú tí n kò lè nù lọ́jọ́ náà wá fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adédìran.