Ẹ Kú Ìjì, Lola

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ò sí mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè, bí orúnkún mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbà mọ́. Mo kí bàbá àwọn ọmọ yín, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ará Ìṣẹ́yìn tí wọ́n máa ka lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Káyọ̀dé ọmọ mi ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní ìwé díẹ̀ tí mo kà yẹn náà ni mo fi ka Bíbélì tán, kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ara wa le. Òtútù ti dé sí Fairwood, ìlú òyìnbó tí a wà níbí. Iṣẹ́ mi ò ju kí n dúró de bọ́ọ̀sì tó ń gbé Morẹ́nikẹ́, ọmọ Káyọ̀dé, bọ̀ láti ilé ìwé, kí n fún un lóúnjẹ, kí n di irun rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ó la ẹnu fúnra rẹ̀ kí ó sọ Yorùbá. Mo ti kọ́ ọ pé kò sí ohun tí àwa kì í kí ènìyàn fún, ìjókòó, ìdúró, iṣẹ́, òjò, oòrùn. Á tún un sọ tẹ̀lé mi bí odídẹrẹ́, á sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá ìyàwó Káyọ̀dé dé. Ẹ rántí pé ọmọ ilẹ̀ Filipíìnì ni ìyàwó rẹ̀, lọ́hùn-ún ní Éṣíà, níbi tí òkun yí wọn ká. Ìjì ló ká òrùlé ìyá náà lọ tí wọ́n fi mú un wá. Mo gbọ́ tí Morẹ́nikẹ́ sáré pàdé rẹ̀, tó ń pè é ní Lọlá. Mo bá ọmọ wí. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń pe àgbà nìyẹn, orúkọ ṣákálá, ta ló tiẹ̀ fún obìnrin yìí lórúkọ Yorùbá? Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Lola ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lédè tiwọn. Ẹ gbọ́ ná. Èmi ìyá ọkọ, èmi tí mo ni ọmọ, Grandma ló ń pè mí. Obìnrin tó dé lánàá ti gba orúkọ lédè ìyá tirẹ̀.

Tí a bá jókòó jẹun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Á sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ á túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Káyọ̀dé á túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bó bá rántí mi. Ó ní ìjì wọn kì í dá wá, ńṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ wọ́n lórúkọ kí wọ́n tó dé. Mo ní ta ló ń sọ olè lórúkọ? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní òkè kan wà lẹ́yìn abúlé wọn tó ń bi iná, tí eérú rẹ̀ ń bo oko ìrẹsì. Tí òjò bá rọ̀ lé eérú ọ̀hún, á di ẹrẹ̀, á ṣàn wá gbé ilé lọ. Ilẹ̀ ń mì, òkun ń dìde. Ó ní àpò kan kì í kúrò lẹ́bàá orí òun tí òun bá sùn, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà wà nínú rẹ̀. Níbí náà, ó ṣì gbé e síbẹ̀. Morẹ́nikẹ́ gbàgbé oúnjẹ.

Mo ní kí n sọ tèmi. Mo sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ṣí páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Káyọ̀dé ní Màmá, páànù mélòó ni, ṣebí wọ́n kàn án padà lọ́jọ́ kejì. Ṣé ọmọ tí mo bí ló yẹ kó máa ka páànù mọ́ mi lọ́wọ́? Mo sọ ti ọyẹ́ tó ń la ètè. Morẹ́nikẹ́ bi mí bóyá ó ń pa ènìyàn. Mo ní rárá. Ó yíjú padà sí Lola.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín, mò ń jowú. Mo ti ń fi ilẹ̀ wa tí kì í mì yangàn láti ọjọ́ yìí, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí ẹni tí nǹkan ò ṣe kò rí ìtàn sọ. Àwọn ìyá Nàìjíríà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó aṣọ òtútù wá fún un. Ta ló fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí mo dé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè é láti ilé pé ìjì mìíràn ti jà. Àbúrò rẹ̀ yè é, ilé àbúrò náà ni kò yè é. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó rán Morẹ́nikẹ́. Ó lọ bá a, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ìjì, Lola. Káyọ̀dé ní wọn kì í kí ènìyàn bẹ́ẹ̀, pé ẹ kú ewu ni. Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ohun tí a ò ní nílé ni a ò ní ìkíni fún, ọmọ náà ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Lola, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó ń sunkún. Yorùbá tí mo fi gbogbo ọjọ́ gbìn, ẹlòmíràn ló kórè rẹ̀, lójú mi.

Mo wọ yàrá lọ. Ọmọ náà tẹ̀ lé mi, ó ní kí ni òun máa wá fi kí èmi, tí kò sí ìjì, tí kò sí òkè oníná. Mo ronú títí. Mo ní kí ó kí mi pé ẹ kú àárò, ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jìnnà ni wọ́n lè kí bẹ́ẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ò bá a. Ẹ kú àárọ̀ ló jáde, oòrùn sì ti wọ̀. Mo tún un ṣe, ó tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Káyọ̀dé pariwo láti ilé ìdáná pé alẹ́ ti lẹ́. Mo ní kí ó máa ro ọbẹ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, á kúnlẹ̀ fún mi, á ní ẹ kú àárọ̀, èmi náà á sì dáhùn. Lola ní kí n kọ́ òun náà. Mi ò tíì kọ́ ọ.

Ẹ bá mi gbàdúrà fún àwọn ará ilé rẹ̀, kí ìjì wọn sinmi, kí òkè wọn sùn, kí wọ́n tètè kan òrùlé rẹ̀ padà, kí ó lè rí ilé lọ. Ẹ̀yin náà, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀. Ẹ ó pẹ́ fún mi, ojú wa á sì tún rí ara wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, kí ẹ má fo ẹnikẹ́ni.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Àjíkẹ́