Àwọn Ọmọ Ahun Yín Lábẹ́ Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ahun yín tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ní Bẹẹrẹ, tí ẹ máa ń ju èèpo iṣu sí láràárọ̀, ti pa ọmọ. Àwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yé ẹyin. Ìyàwó mi ló ń ro ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó rí i pé ilẹ̀ ń mì, ni mẹ́rin bá yọrí jáde, tí ìkankan wọn ò ju ìgbín kékeré lọ. Ìyá wọn wà lábẹ́ igi ìyeyè, ó ń jẹ tirẹ̀, kò wo apá ibẹ̀. Inú bí mi sí i.

Ẹ sáà mọ̀ mí. Mo kó wọn wọlé, mo tẹ́ òwú sínú igbá, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí òtútù má baà mú wọn, mo sì fi asẹ́ dé e nítorí àwòdì. Ìka ni mo fi ń fún wọn lẹ́kọ. Wọn ò jẹ. Wọ́n dijú, wọ́n fa orí wọlé, wọ́n sì ń fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi wá ń kí mi kú ewu ọmọ.

Àṣàkẹ́, àkọ́bí wa, bá ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò tọ́jọ́. Rélùwéè ni ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n ti gbé e lọ sí Kánò, Àṣàkẹ́ sì fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo ní kó jẹ́ kí òjò dá. Òjò dá, mo ní kó jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ bí ibà bá mú un? Ta ni yóò gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀? Ó kàn di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Lánàá, ìyàwó mi gbé igbá náà síta kó lè kó eérú, àkọ́rọ̀ òjò sì dé lójijì. Mo sáré jáde, mo bá ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ tó ń dà lé wọn lórí. (A ti fi páànù kan ilé, Ìyá. Ó ń dà ju ti koríko lọ.) Mo ti ṣí asẹ́, mo ti nawọ́, kí n tó rí i pé wọ́n na ọrùn. Wọ́n ń mu omi. Èyí tó kéré jù gun etí igbá, ó já bọ́ sínú gbúre ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì bu ewé jẹ.

Inú òjò yẹn ni mo ti rántí ọjọ́ tí ẹ kó Àṣàkẹ́ jáde. Ẹ da omi sórí òrùlé, ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, ó figbe bọnu. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín; ẹ bi mí bóyá iyọ̀ ni mo bí. Ẹ̀yin kan náà lẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé ní Èkó, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ò tíì dé Ìbàdàn. Ṣé ẹ rí oorun sùn lọ́jọ́ yẹn? Ẹ ò sọ fún mi rí. Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ẹ ṣeun gan-an.

Àwọn ọmọ ahun ti wà lábẹ́ ìyeyè báyìí. Àwòdì ṣì ń rà bàbà lókè Màpó, èmi náà ò sì yé jáde lọ wò wọ́n. Lọ́la, èmi fúnra mi ni n ó gbé ẹrù Àṣàkẹ́ dé ìdíkọ̀ rélùwéè. Bí òjò bá ń rọ̀, mi ò ní ní kó dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ̀yin náà gbé sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀.