Eyín Mubaraq Tó Gun Orí Òrùlé

Ilé Onígbá,
Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Hajarat Àsàkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó padà di àna mi,

Mo kí ọ kú ilé o. Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ọ̀gìnnìtìn. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà Iléyá ti ń jẹ́ kí o forí kanlẹ̀ kírun dáadáa? Saifudeen ọmọ rẹ ńkọ́, òun àti Ṣùbòmí ọmọ mi, ṣé wọn ò bára wọn jà? Àwọn aládùúgbò rẹ ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀ ńkọ́? Waliyat tó ń ka ìwé yìí fún ọ ńkọ́? Waliyat, rọra kà á o, má sáré. Ìyá àgbà rẹ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan fo òun.

Èmi náà wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Zulaikha, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi gbé, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní òun á tún un ṣe kó lè dà bí ìwé àwọn alákọ̀wé. Mo ní kò gbọdọ̀. Bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi ni kó máa kọ ọ́.

Mubaraq, ọmọ ọmọ èmi àti ìwọ tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, ló mú lẹ́tà yìí bọ̀ fúnra ẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó pa ẹnu dé títí wọ́n á fi kà á tán. Nítorí náà, tí o bá kí i tó kàn ń mi orí bí alángbá, má bínú sí i, èmi ni mo rán an. Ara ọmọ le, ó ń jẹ, ó ń mu, ó tiẹ̀ ga sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ mi níbí, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ mo mọ̀ ọ́, Àsàkẹ́. Tí mo bá ní "Mubaraq ṣubú" báyìí, o ò ní í gbọ́ èyí tó kù, wàá ti wọ mọ́tò Ọ̀yọ́.

Ó ṣubú lóòótọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ọjọ́rú ni, wọ́n ń pe ìrun Àsárì lọ́wọ́, òun àti àwọn ọmọ ilé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí sìmẹ́ǹtì àgbàlá. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́, ó fi ẹnu gbá etí kànga. Mo kàn gbọ́ gbì! Kí n tó jáde, ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu ẹ̀, eyín òkè kan, ti iwájú gan-an, ti wà nílẹ̀, ó funfun báláú.

Ọmọ mélòó la ti tọ́, èmi àti ìwọ? Eyín mélòó la ti bá wọn yọ? Kò tiẹ̀ dẹ́rù bà mí. Mo fi omi tútù ṣan ẹnu ẹ̀, mo fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo wá ní, "Ọkọ mi, má sunkún mọ́. Eyín ọmọdé ló lọ, ti àgbà ló ń bọ̀." Mo ní kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án, iye ọdún ẹ̀. Mo kó eyín mọ́ òkúta lé e lọ́wọ́, mo ní kó pa ẹnu dé kí alángbá má rí àlàfo náà, kó sì jù ú sórí òrùlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ jù ú. Ó dún wàràwàrà lórí páànù. Gbogbo ọmọ ilé pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an jó, Àsàkẹ́. Mo jó!

Zulaikha ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Kó máa rín in lọ.

Ẹnu ijó yẹn ni mo wà tí Ọmọ́lẹ́wà wọlé. O ò tíì mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó gba yàrá iwájú ni, nọ́ọ̀sì ni. Ó wo ẹnu ọmọ, ó wò mí.

"Ìyá, eyín ẹ̀ dà?"

"Ó ti wà lókè, kò séwu."

"Òkè ibo?"

"Òkè òrùlé ni. Ṣebí ibẹ̀ ni eyín gbogbo ọmọ ilé yìí wà."

"Yéè! Ìyá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni! Ti ọmọdé ti lọ tipẹ́, èyí tó hù lẹ́yìn ẹ̀ ni èyí. Kò sí òmíràn tó ń bọ̀ mọ́ o!"

Ijó gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo wá rántí pé lóòótọ́, lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nínú àgbàlá tìrẹ, ìwọ fúnra rẹ lo bá a ju ti àkọ́kọ́. O pè mí lọ́jọ́ yẹn, ò ń yọ̀. Mo gbàgbé pátápátá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí náà ló wọ́ ọ.

Àsàkẹ́, wòlíímọ̀ ẹ̀ tó ń bọ̀ loṣù Kejìlá ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo rí i níwájú àwọn àáfà, tó la ẹnu fẹ́ ka Kùránì, tí atẹ́gùn ń gba àlàfo yẹn jáde, tí ìwọ jókòó nínú aṣọ tí o ti ń rán láti ọjọ́ yìí, tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn pé ta ló ba ẹnu ọmọ yìí jẹ́. Tí wọ́n á sì dá a lóhùn pé ìyá ìyá ẹ̀ ni. Mo bú sẹ́kún.

Ọmọ́lẹ́wà ní, "Ìyá, ẹkún kọ́ ló kàn. Tí a bá tètè rí i, wọ́n lè dá a padà sí ihò ẹ̀."

"Ṣé ẹ̀gẹ́ ni eyín ni, tí wọ́n á tún un gbìn?"

"Wọ́n á gbìn ín, Ìyá. Àmọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ, kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló dáa."

Mìkáílù káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà wa gbé àkàbà wá. Ẹnu ọkùnrin yẹn kì í sinmi. Bó ṣe ń gùn ún ló ń sọ pé, "Ìyá Onígbá, tí páànù yín bá já lé mi lórí, eyín tèmi náà ẹ ó wá a o!" Mo ní, "Gùn ún lọ jàre, àkókò ń lọ!" Ó tú gbogbo inú gọ́tà òrùlé. Nígbà tó yá, ó pariwo látòkè.

"Ìyá, mélòó lẹ ń wá? Wọ́n pọ̀ níbí o!"

Eyín méje ló kó sọ̀kalẹ̀, Àsàkẹ́! Mẹ́fà jẹ́ tíńtìntín, ìdógùn-ún páànù ti sọ wọ́n di pupa. Ti Ṣùbòmí á wà níbẹ̀, ti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà á wà níbẹ̀. Ojú mi dà rú, mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Ọmọ́lẹ́wà ló ní èyí tó gùn tó ní gbòǹgbò, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ ni, pé ti ọmọdé tó fúnra ẹ̀ jáde kì í ní gbòǹgbò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú kí n gbo ó dáadáa. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ má gbo ó o. Ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kan gbòǹgbò ẹ̀."

Orí eyín, níbi tí a fi ń jẹun, ló dì mú. Ó ta omi mímọ́ sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Ó fẹ́ kì í bọ ihò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ ò gbà, ó ń ta bí ewúrẹ́. Ló bá já mílíìkì olómi inú ọ̀rá sínú ife, ó rọra fi eyín sí i. A gba kẹ̀kẹ́. Mo gbé ife náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń fi dígí wò mí.

"Ìyá, ṣé tíì lẹ fẹ́ lọ pò ní ọsibítù ni?"

Mo ní, "Eyín ni mo gbé."

Ló bá tẹná mọ́ kẹ̀kẹ́ títí a fi débẹ̀.

Dókítà eyín náà, obìnrin ni, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Rúùtù lorúkọ ẹ̀. Ó wo inú ife, ó ní ẹni tó fi í sí mílíìkì ṣe é dáadáa. Ó wá tẹjú mọ́ eyín. "Màmá, kí ló dé tí ó dà bíi pé ìdógùn-ún wà lára ẹ̀?" Mi ò lè purọ́ fún un, mo sọ bó ṣe jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó, ó ní òrùlé ni tòun náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó rín in tán, ojú ẹ̀ yí padà.

"Màmá, mi ò ní í tàn yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ nínú atẹ́gùn. Màá dá a padà, màá fi wáyà so ó mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó lè mú, ó lè má mú. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó gún un lábẹ́rẹ́ kó má mọ̀ ọ́n lára, ó gún un ní ti apá nítorí ìdọ̀tí. Ó tì í padà sí ihò ẹ̀. Ọmọ di ọwọ́ mi mú gírígírí, kò ké. Akin ni.

Ní ti owó, má dààmú. Káàdì ìlera tí wọ́n máa ń yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù Ṣùbòmí, orúkọ Mubaraq wà níbẹ̀, òun ló bá wa san ti abẹ́rẹ́ àti fọ́tò eyín. Wọ́n ní ti wáyà ò sí nínú ẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí alájọ mi, mo gba èyí tí mo ti ń dá láti fi ra eyín àtọwọ́dá. Ṣebí ìwọ lò ń bi mí pé ta ni mo fẹ́ máa fi eyín tuntun rẹ́rìn-ín sí? Ó dáa, owó eyín ti wọ ẹnu ẹlòmíràn. Kò dùn mí rárá. Ẹnu tèmi ti jẹ tiẹ̀.

Saifudeen àti Ṣùbòmí ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, Ṣùbòmí tiẹ̀ wá. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sọ fún ọ títí a ó fi mọ ibi tó máa já sí. Tí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn ju oyún lọ. Ètè ọmọ kọ́kọ́ wú tó fi jẹ́ pé ọkàn ló fi ń ka Kùránì ẹ̀. Àgbàdo sì gba gbogbo ìgboro, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gé e jẹ lójú ẹ̀, òun ò sì gbọdọ̀ fi eyín gé nǹkan kan. Mo bá ń lọ àgbàdo tútù, mo ń fi se sàpàlà fún un. Èmi tí mi ò léyín àti òun tí wọ́n fi wáyà de eyín ẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Láràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, "Ìyá, ṣé ó ti ta gbòǹgbò?" Màá ní, "Má fi ahọ́n tì í!" Tó bá ti kẹ̀yìn, èmi náà á yọ́ lọ síbi iná, màá máa gbàdúrà.

Jímọ̀ tó kọjá la padà lọ. Dókítà gé wáyà. Ó fi ìka méjì mú eyín náà, ó mì í. Àsàkẹ́, mi ò mí. Ọmọ́lẹ́wà tó tẹ̀ lé wa náà ò mí.

Mi ò ní í tíì sọ fún ọ. Fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Dókítà yẹn bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Kò bá pákò wa jà, ó ní kí ọmọ máa rin ín láàárọ̀ tó bá wù ú, àmọ́ kó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín kó tó sùn, torí ṣúgà ohun tó jẹ lọ́sàn-án ò gbọdọ̀ bá a sùn lẹ́nu. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi eyín ṣí ìgò mọ́. Ó ní eyín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró dìgbà tó bá dùn ún kó tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Mo mọ ẹni tí mo rántí nígbà tó sọ ìyẹn. Ìwọ ni. Eyín ẹ̀yìn tí o ti ń ki kànáfùrù bọ̀ láti ìgbà ààwẹ̀, ṣé ó ti san? Kò san. Ṣebí ọsibítù wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀? Ìwé tí dókítà kọ wà nínú báàgì Mubaraq, wọ́n ní kó máa lọ ṣe àyẹ̀wò lóṣooṣù, torí inú eyín náà ṣì lè fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ jọ lọ. Kí òun dì ọ́ lọ́wọ́ mú bó ṣe di tèmi mú.

Àwa obìnrin ilé wa sì ti gbé kóló kan sọ́dọ̀ Ọmọ́lẹ́wà. Tó bá ti di Jímọ̀, kálukú á ju díẹ̀ sí i. Ti eyín ni, a ò gbọdọ̀ fi ra ata.

Eyín mẹ́fà yòókù, mo ti dá wọn padà sórí òrùlé, ilé wọn ni. Níjẹta, ọmọ Mìkáílù tó kéré jù gbé eyín wá, ó fẹ́ jù ú. Mubaraq ní, "Dúró! Gbé e wá kí n wo gbòǹgbò ẹ̀." Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bíi dókítà, ó ní, "Ti ọmọdé ni. O lè jù ú." Òun ló bá a ka òkúta.

Bá mi kí gbogbo ilé. Kí Saifudeen ọkọ ọmọ mi, kí Ṣùbòmí, kí àwọn tí a jọ ta igbá l'Ákẹ̀sán nígbà kan tí wọ́n ti wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Zulaikha ní kí n kí Waliyat fún òun.

Ó wá ku ẹyọ kan. Waliyat, gbé ìwé sọ́wọ́ kan kí o pe Mubaraq wá síwájú ìyá àgbà rẹ. Àsàkẹ́, ní kó rẹ́rìn-ín. Wo òkè, níwájú gan-an, èyí tó wà lápá ọ̀tún ẹ̀. Fi ìka mì í díẹ̀, má bẹ̀rù, dókítà náà mì í.

Ṣé ó mì?

Ní kó ka Fátíà fún ọ, kí o gbọ́ bó ṣe ń mọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ igbá títà títí di ọjọ́ àìléyín,

Ọ̀ṣunlọlá, Ìyá Onígbá.