Káàdì Ìtàn Méjì Tí O Fi Ránṣẹ́

Ilé Ìyá Benjamin,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogi.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 1996.

Yéjídé ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìdùnnú,

Okun o! Má fi mí rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kíni níbí nìyẹn, ó sì ti tó àkókò kí ìkíni ilé ọkọ mọ́ mi lẹ́nu. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìdùnnú ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ìdùnnúolúwa fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ga jù ọ́ lọ, àbí ìwọ ṣì ni ọ̀gá? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Iṣu tuntun ti wọlé, òjò ṣì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ara àwọn ọmọ sì le. Ìyá ọkọ mi nìkan ni orúnkún ń yọ lẹ́nu, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbálẹ̀. Ó ní ìgbálẹ̀ àwa ìyàwó òde òní kì í kan ilẹ̀, pé ńṣe la fi ń fẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ti gba kámú.

O ti béèrè lọ́wọ́ mi títí pé èwo ni mo mú nínú ìdì káàdì ìtàn méjèèjì tí o fi ránṣẹ́, kí o lè rí ìkejì fi ránṣẹ́ sí ìyàwó olùkọ́ tó wà ní Amuro. Má bínú pé mo pẹ́. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ni, àfi ìgbà tí ó di ìtàn mọ́ mi lọ́wọ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti ń kọ́ Virtue àti àbúrò rẹ̀, Bólúwadúró, nílé. Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi gan-an ni mo ṣe é, bí o ṣe rí i lọ́dọ̀ ìyàwó míṣọ́nnárì tí ò ń bá ránṣọ: kí ọmọ kọ́kọ́ há ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ sórí títí yóò fi máa sọ ọ́ bí ẹni ń kọrin, kí ìbéèrè nípa ìdí rẹ̀ wá tẹ̀lé e bó bá dàgbà. Ìlànà náà dára. Mo ti ṣe olùkọ́ rí kí n tó bímọ, mi ò sì rí ohun tó mú ọmọ dákẹ́ jókòó tó bẹ́ẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ, àwọn káàdì ìlú òyìnbó ni ojú mi kọ́kọ́ bá lọ. Wọ́n ń dán! Àwòrán ọba, àwòrán ọkọ̀ ojú omi, àwòrán ogun orí ẹṣin. Àwọn kejì, èyí tí olùkọ́ kan tẹ̀ ní Ìlọrin níbẹ̀, kò ju bébà líle lásán lọ, ìṣẹ̀lẹ̀ ilẹ̀ wa níwájú, ọdún rẹ̀ lẹ́yìn, yíǹkì rẹ̀ sì ń ràn mọ́ ìka. Mo ní èyí tó ń dán ni màá mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọba kan hàn wọ́n, ọba tó sanra bí àgbá tó sì wọ aṣọ onírun títí dé ọrùn, Bólúwadúró ní ṣé kò mú un lóoru ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti mú káàdì náà jáde, ẹ̀rín ni, kò sí ẹni tó rántí ọdún tó jẹ. Mo wá mú ti Ìlọrin wò. Mo na okùn tí a ń sá aṣọ sí láti igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé ìkejì, lókè àga ìyá ọkọ mi, mo sì fi píìnì aṣọ há àwọn káàdì náà mọ́ ọn ní títẹ̀lé ara wọn. Níbẹ̀ la ti ń ka ìtàn láràárọ̀, tí Ìyá ń ṣọ́ wa láti ìsàlẹ̀ bíi alábòójútó ilé ìwé.

Virtue mọ̀ ọ́n, Yéjídé. Ọdún tí wọ́n so Àríwá mọ́ Gúúsù, ọdún òmìnira, ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún, ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà, gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àmọ́ bó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Yóò sọ òmìnira tán, yóò fo ọdún 1967 dá, yóò sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Nígbà tó yá, káàdì 1967 náà kúrò lórí okùn. Lẹ́yìn náà ni ti 1976 sọnù, lẹ́yìn náà ni ti 1991. Mo bá Bólúwadúró wí. Ó ní òun kọ́. Mo bá ewúrẹ́ Ìyá wí, ìyẹn kò fèsì. Mo gé páálí ọṣẹ, mo kọ òmíràn, àwọn náà tún rá.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, ǹ bá ti fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Benjamin, tí àwa ìyàwó ilé ń pè ní Bàbá Kàdúná nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé, ti sọ pé eré ọmọdé ni ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun yóò mú Virtue lọ sí Kàdúná, kí ó lọ ilé ìwé gidi. Kò ní ọkàn burúkú. Ènìyàn rere ni, ó sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọláníran ọkọ mi, tó máa ń wà ní Lokoja lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí a kì í sì í rí i ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Àdéhùn tí wọ́n wá jọ ṣe ni pé Bàbá Kàdúná yóò wá fún ìsinmi òmìnira, yóò gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá mọ̀ ọ́n, kó dúró. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kì í sí nílé. Mi ò tilẹ̀ lè fojú inú wo ilé yìí láìsí i.

Ọjọ́ òmìnira pé. Bàbá Kàdúná ti dé láti ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, Ọláníran náà wà nílé. Láàárọ̀, a jẹun tán, àwọn ọkùnrin gbé rédíò sórí tábìlì, àwọn aládùúgbò náà wá jókòó. O mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń retí kí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ tiwa kúrò lára Kogi. Wọ́n tẹ́tí bí ìgbà tí ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ mẹ́fà tuntun, ẹnìkan tilẹ̀ ti dìde pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó ka orúkọ. Wọ́n kà á tán, wọ́n dárúkọ Èkìtì tí a jọ pààlà, wọn kò dárúkọ wa. Ẹni tó dìde rọra jókòó. Ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n pa rédíò náà, kí wọ́n má fi bátìrì ṣòfò.

Bàbá Kàdúná ní ó yá, ẹ pe ọmọ wá kó wá ka ìtàn. Mo pè é títí, kò dáhùn. Mo wọ yàrá, mo sì bá a níbẹ̀ lórí àpótí rẹ̀.

O rántí àpótí náà. Ìwọ lo fún un lọ́jọ́ tí à ń kúrò ní Ìlọrin, nígbà tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ tí ìjọba ní kí bàbá rẹ̀ máa bọ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó lé e, ó wọ bàtà ọjọ́ ìsinmi, ó sì ti to gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá Kàdúná yọjú láti ẹ̀yìn mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ẹ ò rí i! Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ó fẹ́ bá mi lọ.”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní, “Mọ́mì, mi ò fẹ́ lọ.”

Mo ní, “Lọ síbo?”

Ó ní, “Ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo gbọ́ ọ nínú rédíò. Ìgbà wo ni lọ́rì ń bọ̀?”

Ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Ìgbà tó ṣí àpótí ni mo rí gbogbo káàdì tó sọnù lábẹ́ aṣọ, ti Ìlọrin àti ti páálí ọṣẹ. Ó ní òun rò pé bí wọn kò bá sí lórí okùn, wọn kò ní dá òmíràn. Nínú ọkàn ọmọ yìí, Yéjídé, dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ni pé kí lọ́rì wá kó gbogbo ènìyàn. Ohun tó fojú ara rẹ̀ rí nìyẹn. Wọ́n dá ìpínlẹ̀, lọ́rì dé, Ìdùnnú tirẹ dúró lẹ́nu géètì ó ń juwọ́. Ó gbà pé Ìyá àgbà rẹ̀ náà ti gbé ní Àríwá, wọ́n kó o lọ sí Kwara, wọ́n sì tún kó o dé ibí. Láti ọjọ́ tí a ti dé, bí mo bá fọ aṣọ rẹ̀, inú àpótí ló máa ń dá a padà sí. Èmi rò pé ọmọ tó mọ́ tónítóní ni mo bí, mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn láàárín àwọn obìnrin ìjọ wa.

Bàbá Kàdúná ló kó àwọn káàdì náà nílẹ̀. Ó fa Virtue lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó há wọn padà sórí okùn níṣojú gbogbo wa, ó sì yíjú sí ìyá rẹ̀ tó wà lórí àga lábẹ́ wọn. Ó fọwọ́ kan káàdì òmìnira.

Ó ní, “Ìyá, níbo lẹ wà lọ́dún yìí?”

Ìyá ní, “Níbí.”

Ó fọwọ́ kan 1967. “Èyí ńkọ́, tí wọ́n dá Kwara?”

“Níbí. O wà níbẹ̀, ibà ń ṣe ọ́.”

“1976 ńkọ́?”

“Níbí náà ni. Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ta ni yóò máa sọ́ ewúrẹ́?”

Àwọn aládùúgbò ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Virtue kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu ìyá àgbà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí káàdì tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n dá Kogi. Ó ní, “Èyí ńkọ́, Ìyá?”

Ìyá gbójú sókè wo káàdì náà. Ó ní, “Níbí ni mo wà. Mò ń gbá yàrá tí ẹ fẹ́ wọ̀.”

Yéjídé, omi bọ́ lójú mi, mi ò sì fi pamọ́. Ọláníran rọra ṣàlàyé fún ọmọ náà pé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló gbé wa wá, pé ìpínlẹ̀ lè yí orúkọ padà kí ilé má kúrò lójú kan. Virtue béèrè pé ṣé iṣẹ́ kò tún ní gbé wa lọ ni. Bàbá rẹ̀ kò ṣèlérí ohun tí kò ní agbára lé lórí. Ó ní bó bá tiẹ̀ gbé òun, ilé yìí kò ní lọ, ẹni tí yóò gbá yàrá yóò sì wà níbẹ̀. Ìyá ní bí orúnkún bá gbà ni o. Nígbà náà ni ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fo ọdún kankan. Bàbá Kàdúná gbọ́ ọ tán, ó bojú wo àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, “Kí n má tún wá di lọ́rì fún ọmọ ọlọ́mọ.” Ó dá lọ sí Kàdúná lọ́jọ́ kejì, ó fi bàtà tó rà fún un sílẹ̀, ó sì ní kí n máa kọ́ wọn lọ. Ó ní ṣùgbọ́n kí n fi ìṣirò kún un, torí pé òun bi Bólúwadúró ní ìsodipúpọ̀, ó sì fi orúkọ ewúrẹ́ dáhùn.

Nítorí náà, èyí tí mo mú ni ti Ìlọrin. Bí yíǹkì rẹ̀ bá ń ràn mọ́ ọwọ́, kó máa ràn. Fi ti ọba onírun yẹn ránṣẹ́ sí Amuro, kí o sì bá mi kìlọ̀ fún wọn nípa ẹ̀rín. Sọ fún olùkọ́ tó tẹ káàdì náà pé a ti fi ọ̀kan kún un fún un. Virtue ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sórí páálí ọṣẹ, ó wà ní ìparí okùn. Ó kọ ọ́ báyìí: “1996. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ mẹ́fà. A kò kó.”

Bá mi kí Bàbá Ìdùnnú, kí o sì bá mi fi ọ̀rá pa ẹsẹ̀ náà fún un bí ó tilẹ̀ ń ké. Kí àwọn ará ilé yín gbogbo. Ìyá ọkọ mi kí ọ, Ọláníran kí ọ, àwọn ọmọ kí ọ. Virtue ní kí Ìdùnnú wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ òun. Ó ti yan ìṣó tí Ìdùnnú yóò máa fi aṣọ kọ́ lára ògiri, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ gan-an ni.

Inú àpótí tí o fún Virtue ni mo to àwọn káàdì òyìnbó náà sí, awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìlọrin yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n lò ó. Yọ káàdì rẹ, kí o sì fi àpótí náà kó àgbàdo tàbí ohun tó bá wù ọ́. Jọ̀wọ́, má dá a padà.

Èmi ni tìrẹ tí kò yípadà,

Priscilla,
Ìyá Virtue.