Ilẹ̀ Tútù Lábẹ́ Igi Kowhai

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Nòfẹ́ńbà 2018

Tíṣà Maureen, tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé kíkọ, ní ẹni tí kò bá mọ ohun tó máa kọ, kó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dá a lójú. Èyí dá mi lójú.

Àwọn tí a bí lọ́dún yìí: Turoa, ọmọ Ripeka ọmọ-ọmọ mi, ní Perth lókè òkun, lóṣù Júùnù. Kílò mẹ́rin ó lé. Orúkọ ọkọ mi tó ti lọ ni wọ́n sọ ọ́. Ìbejì ọmọ-ọmọ Waimarie, aládùúgbò mi — obìnrin méjèèjì, ẹnu wọn sì ti dà bí ti ìyá ìyá wọn.

Àwọn tó ṣègbéyàwó: Ripeka àti Lachlan, ní kóòtù. Fọ́tò ni mo rí. Ẹ̀gbọ́n Waimarie, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ìyàwó kẹta. Kò tíì rẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó kú: kò sí lóṣù yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú ni Ripeka ń bọ̀, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ. Wọ́n á yá ọkọ̀ tó ní ibùsùn nínú ní Auckland, wọ́n á máa wo ìlú bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Ripeka nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo tọ́ ọ. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Kí ó tó bímọ, mo kọ lẹ́tà sí i. Àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ láyé. Ìlà mẹ́rin. Mo ní kó má jẹ́ kí ilé ìwòsàn da ibi ọmọ nù, kó fi í sínú yìnyín, kó gbé e wá sílé ká sin ín síbi tí a sin tirẹ̀ sí. Ó fèsì pé ìwé mi dára. Kò dárúkọ ìyókù.

Ọjọ́bọ̀, 8 Nòfẹ́ńbà

Mo wá ilẹ̀ tútù. Ní abúlé wa, omi gbígbóná ń hó lábẹ́ ilẹ̀, a kì í gbẹ́lẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ọwọ́ bi í. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Lẹ́bàá ọgbà — gbígbóná. Lẹ́yìn okùn aṣọ — ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lábẹ́ igi kowhai olódòdó yẹ́lò, nítòsí ibi tí a sin ti Ripeka àti ti ìyá rẹ̀ sí — tútù. Mo gbẹ́ ẹ títí ó fi gba apá mi dé ìgúnpá. Ìbàdí mi ń pariwo.

Waimarie yọjú lórí ọgbà. "Akọ̀wé, ajá ta ló kú?"

Mo ní ibi ọmọ Turoa ni.

"Ṣé wọ́n ní àwọn ń gbé e bọ̀?"

Mo ní odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun.

Ó ní, "Odò kì í sì í sọ ibi tó ń lọ fún orísun."

Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n dé. Waimarie ló wà lẹ́nu géètì tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sanwó wọlé wo abúlé wa. Ó gbowó lọ́wọ́ Lachlan kó tó bi í pé ilé ta ló ń lọ. Nígbà tí mo bi í, ó ní iṣẹ́ niṣẹ́.

Lachlan ga. Mo ti sọ ọ́ ní Àgéré. Ó tẹ̀ ba kó tó lè fi imú kan imú mi bí a ti ń kíni níbí, ó sì ṣe é dáadáa, ẹnìkan ti kọ́ ọ. Turoa di imú mi mú, kò fi í sílẹ̀. Iwájú orí ọkọ mi ló gbé wá.

Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ripeka ní inú ọkọ̀ ni wọ́n á sùn, òórùn imí-ọjọ́ ń mú ọmọ sín. Inú òórùn yìí ni mo ti fọ gbogbo ìlédìí tirẹ̀.

Wọ́n gbé àpótí yìnyín kan sílẹ̀ nínú ilé ìdáná mi. Funfun, ìdérí búlúù. N kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Ajé, 12 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n lọ wo ẹrẹ̀ tó ń hó. Àga ọmọ ti gba àyè ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ní kò burú, mo ti rí ẹrẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Nòfẹ́ńbà

Àgéré ṣí àpótí yìnyín. Bíà. Wàrà. Wàrà. Bíà.

Ó lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni ibi ọmọ wà.

Ọjọ́rú, 14 Nòfẹ́ńbà

N kò lọ kíláàsì lánàá nítorí wọn. Lónìí mo se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀dùnkún àti elégédé sínú àpótí ẹ̀yìnkùlé tí ooru ilẹ̀ fi ń se oúnjẹ. Wọ́n lọ wo ijó àti orin wa ní ìlú, ijó tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ Ripeka nínú pálọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti jẹun lọ́nà. Èmi àti Waimarie la jẹ ẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́bọ̀, 15 Nòfẹ́ńbà

Mo jáde láàárọ̀. Ìlédìí ọmọ tó ti dọ̀tí wà nínú ihò mi. Mẹ́fà, àti ìgò bíà kan.

Àgéré ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. "Màmá, ihò ìdọ̀tí yín yìí dára o. Kò jẹ́ kí n rìn jìnnà."

Àlejò a máa lójú, kì í fi í ríran. Mo kúnlẹ̀, mo ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ripeka rí mi. Abúlé yìí ló dàgbà sí, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó sáré wá láì wọ bàtà, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó bá mi kó o tán. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sínú ihò.

"Màmá Àgbà, mo ti sin ín."

Ó ní ẹ̀yìn ilé wọn ní Perth ni, lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́. Lachlan ló gbẹ́lẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó bá ṣí fìlà, ó dúró.

Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Èmi ni mo mọ ibí, Màmá. Àlejò ni Turoa máa jẹ́ níbí, ẹ ò rí i pé wọ́n gbowó lọ́wọ́ wa ní géètì? Mo fẹ́ kó níbi tó máa tọ́ka sí pé tèmi nìyí."

Wọ́n ń ra ilé náà. Ogún ọdún ni wọ́n máa fi san án. N kò bi í léèrè ìgbà tí wọ́n máa padà wálé. Ó ti dáhùn.

Mo ní kí ló dé tí kò kọ ọ́ sí mi.

"Ìlà mẹ́rin yẹn ni, Màmá. Mo mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ẹ tó kọ ọ́. N kò mọ bí mo ṣe máa kọ 'rárá' fèsì sí i."

Nígbà tí Ripeka sọ ohun tí ihò náà wà fún fún Lachlan, ọkùnrin náà wá dúró níwájú mi, ó ṣí fìlà. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Mo ní kó lọ jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Nòfẹ́ńbà

Òjò. Wọ́n wà ní Taupo, wọ́n lọ wo adágún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti lọ. Ìbọ̀sẹ̀ Turoa kan ṣẹ́kù lórí okùn aṣọ. Mo ká bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Nòfẹ́ńbà

Mo dí ihò náà. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

Waimarie gbé tíì wá. Ó ti gbé ní Perth rí. Ó ní, "Akọ̀wé, iyanrìn ni ibẹ̀ o. Láti ìsinsìnyí títí di oṣù Karùn-ún, ẹ̀kán òjò kan lè má bọ́. Igi tí kò bá rómi á kú."

N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ń bá igi yẹn jà láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àṣé òun náà ń gbẹ.

Mo kọ̀wé sí Ripeka ní kíláàsì. Ìlà méje. Tíṣà Maureen fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo bi í pé báwo ni ẹ̀rọ omi ṣe jìnnà sí igi náà tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Nòfẹ́ńbà

Ripeka fèsì. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì, Lachlan ló wọ̀n ọ́n. Korobá ni wọ́n fi ń pọn omi sí i. Etí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n.

Mo dé ilé ìtajà irinṣẹ́, mo béèrè iye tí rọ́bà omi gígùn ń lọ. Owó ẹran tí mo tọ́jú de ọjọ́ tí a bá sin ibi ọmọ ṣì wà nínú agolo. Mo kọ ọ́ sí wọn pé kí Àgéré máa fún igi náà lómi láàárọ̀ kùtù, kó máa ṣí fìlà. Dọ́là márùndínláàádọ́rin ni mo fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ra rọ́bà.