Oògùn Pupa

Ògúnṣínà, àbúrò mi,

Ara mi le nílé arúgbó tí ẹ mú mi wá n'Íbàdàn yìí. A ń jẹun, àfi pé kò sí pupuru, oúnjẹ ilé wa. Tiwalọlá nìkan ló ń tọ́jú àwa méjìdínlógún. Láti ọjọ́ Ẹtì kò tíì fojú kan oorun. Lánàá, ó fún mi ní oògùn pupa. Funfun ni tèmi.

Ó ní, "Baba olóríkunkun, ẹ gbé e mì!"

Mo tu ú dànù. Bàbá tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló gbé funfun mi mì. Kò tíì jí.

Tiwalọlá náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó bẹ̀ mí pé kí n yọ ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́.

Bá mi kí Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ àti gbogbo ará Igbodigo. Tètè wá o. Tiwalọlá tún fẹ́ẹ́ pín oògùn.