Ọmọ Mi Fi Ikú Mi Wá Ìbò

Olóòtú ètò wa, ẹ kú àfaradà wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Aránṣọ ni mí. Mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mi méjì kí ọmọ mi lè lọ díje fún ipò ààrẹ níbi àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Kóòtù tí mo fi èkejì rán ló wọ̀ tó fi sọ fún wọn pé ebi ti pa ìyá òun kú. Wọ́n sunkún. Ìbò mọ́kànlá ló fi borí.

Mo sọ fún un pé mo ń bọ̀ níbi ìbúra tí wọ́n máa fi gbé e wọlé. Ó rẹ́rìn-ín: "Màámi, ṣé òkú máa ń jókòó níwájú ni? Ẹ má ba tèmi jẹ́."

Sátidé ni ìbúra. Ọdún kan ni ipò náà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n lọ, àbí kí n fi ọdún kan ṣe òkú fún un?